Ọ̀nà Ẹ̀jẹ̀ Ti Là: Ẹ Má Jẹ́ Kí Ó Tún Dí

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa lóṣooṣù, a ó tún mú ọ̀rọ̀ kan tí ó kan ìlera ìdílé, a ó sì tú u palẹ̀ títí tí yóò fi yé ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí ti ń wọ àárín wa díẹ̀díẹ̀. Ní Ìjagun níbí, títí dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Odògbólú, agbo ilé tí kò ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà kò pọ̀. Àwọn ọmọ a ní kí ìyá wá kí àwọn, kí ó sì bá àwọn gbé ọmọ tuntun jó. Nígbà tí ìyá bá débẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan a wú gbọ̀ngbọ̀n. Wọn a sáré gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn dọ́kítà a ní ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan ìbàdí rẹ̀. Wọn a la ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà, wọn a fi ohun kékeré kan tí à ń pè ní sitẹ́ǹtì sí i nínú, wọn a sì di oògùn fún un. Ìyá a padà wálé pẹ̀lú ayọ̀. Ní oṣù kìíní, ó ń lo oògùn náà déédéé. Ní oṣù kejì, ẹsẹ̀ ti padà sí bí ó ti wà, bàtà ti ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta, ìbéèrè a dé ọ̀dọ̀ wa: "Pásítọ̀, ara mi mà ti yá pátápátá. Ṣé mo ṣì ní láti máa lo oògùn yìí?"

Ìdáhùn wa kò gùn: ẹ máa lò ó, títí di ọjọ́ tí dọ́kítà tí ń tọ́jú yín yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó tó. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ kì í tètè yẹ̀ lórí rẹ̀.

BÍ Ẹ̀JẸ̀ ṢE Ń DÌ

Dídì ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Bí ọ̀bẹ bá gé yín lọ́wọ́ níbi tí ẹ ti ń bó ẹ̀gẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà yóò fi dá. Ọlọ́run ni ó dá a bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, egbò kékeré ì bá máa pa ènìyàn. Wàhálà ibẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ dì sínú iṣan níbi tí kò sí egbò, kí ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ń padà lọ sínú ọkàn.

Láti ayé Rudolf Virchow, dọ́kítà ará Jámánì tí ó ṣiṣẹ́ ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún ó lé sẹ́yìn, ni àwọn onímọ̀ ti ń ka ohun mẹ́ta tí ń fa èyí: kí ẹ̀jẹ̀ máa rìn jẹ́jẹ́ jù, kí ògiri inú iṣan fara pa, àti kí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ máa yá sí dídì. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹni tí ó jókòó sójú kan nínú ọkọ̀ òfurufú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù fún wákàtí mẹ́fà ó lé, obìnrin tí ó lóyún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí ó ní àrùn jẹjẹrẹ, ẹni tí ó ní àrùn sickle cell, àti àwọn tí ń lo irú oògùn ìfètòsọ́mọbíbí kan: gbogbo wọn ni ewu yìí sún mọ́ ju ẹlòmíràn lọ.

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Nínú ìbàdí wa, iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún gba orí èyí tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ òsì kọjá. Lára àwọn mìíràn, ti òkè a máa tẹ ti ìsàlẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀yìn. Ní ọdún 1957, àwọn dọ́kítà méjì, May àti Thurner, sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ òkú 430 wò: bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún ni ibi tí a tẹ̀ yìí ti ní àpá nínú iṣan. Ìdí kan nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì sí ẹsẹ̀ òsì ju ti ọ̀tún lọ.

Nítorí náà, bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú lójijì, tí ó ń dun ènìyàn, tí ó sì gbóná, kí a má ṣe jókòó sílé kí a máa sọ pé, "Ó tẹ oògùn ni." Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jẹ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì náà ń gùn sókè. Ewu rẹ̀ tí ó tóbi jù ni pé kí ó já kúrò ní ẹsẹ̀, kí ó bá iṣan lọ sínú ọkàn, kí ó sì lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Ìyẹn lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

IṢẸ́ TÍ SITẸ́ǸTÌ Ń ṢE

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń gbẹ́ kànga. Níbi tí ilẹ̀ kò bá ti le, a ó fi rìǹgì kọnkéré sí i kí yẹ̀pẹ̀ má baà ya wọ inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sitẹ́ǹtì rí nínú iṣan. Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, irin tí a hun bí àwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é. Dọ́kítà yóò gba ẹ̀yìn orúnkún tàbí ibi tí itan ti pàdé ikùn wọlé pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, yóò fẹ ibi tí ó fún náà, yóò sì gbé sitẹ́ǹtì síbẹ̀ kí iṣan má baà tún pa pọ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀ ni ó nílò rẹ̀ o. Oògùn nìkan ni wọ́n fi ń tọ́jú èyí tí ó pọ̀ jù. Àwọn tí iṣan ìbàdí wọn fún tàbí tí ó dí gan-an ni wọ́n máa ń ṣe é fún. Ní ilẹ̀ wa, ọsibítù tí ó ní ẹ̀rọ àti dọ́kítà fún iṣẹ́ yìí kò pọ̀, ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú àwọn tí a ń rí fi jẹ́ ẹni tí a ṣe é fún ní òkè òkun.

KÍ LÓ DÉ TÍ OÒGÙN FI TẸ̀LÉ E?

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Sitẹ́ǹtì la ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò yí ẹ̀jẹ̀ padà. Irin ni, àlejò sì ni nínú ara. Bí ẹ̀jẹ̀ ti ń fara kàn án ni ó ń fẹ́ dì sí i lára. Ògiri iṣan tí ó ti fara pa kò sì tíì san. Bí ọ̀sẹ̀ àti oṣù ti ń kọjá, ara yóò máa hu awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo irin náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi dà bí ara iṣan fúnra rẹ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, oògùn nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá lé ẹ̀ṣọ́ lọ ní àkókò yìí, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú sitẹ́ǹtì náà, kí ó sì dí i pa. Lílà á lẹ́ẹ̀kejì a sì máa ṣòro ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ dọ́kítà máa ń fi bẹ̀rẹ̀, ó kéré tán. Bí ohun tí ó fa ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá hàn kedere, tí ó sì ti kọjá lọ, bí iṣẹ́ abẹ tàbí ìbímọ, wọ́n lè ní kí ènìyàn dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì lẹ́ẹ̀kan rí kí ó tó tún dì, tàbí tí wọn kò rí ohun tí ó fà á, ó lè di ti gbogbo ọjọ́ ayé. Èyí ni kò fi yẹ kí ẹ fi oògùn yín wé ti aládùúgbò.

Àwọn ènìyàn a máa sọ pé oògùn yìí ń sọ ẹ̀jẹ̀ di omi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í bu omi la ẹ̀jẹ̀, kì í sì í yọ́ èyí tí ó ti dì. Ohun tí ó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí òmíràn dì, kí ara lè ráyè palẹ̀ ti àtijọ́ mọ́ fúnra rẹ̀.

BÍ A ṢE RÍ OÒGÙN NÁÀ

Ìtàn èyí tí a mọ̀ jù nínú wọn, warfarin, yóò jẹ́ kí ẹ mọ agbára rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, àwọn màlúù ń kú ní Kánádà àti ní àríwá Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò dá mọ́ bí wọ́n bá fara pa díẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ó ti bu ni wọ́n ń jẹ. Ní ọdún 1933, àgbẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin wa ọkọ̀ nínú yìnyín pẹ̀lú òkú màlúù àti agolo ẹ̀jẹ̀ tí kò dì, ó gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n Karl Paul Link ní yunifásítì ibẹ̀. Link àti àwọn tí ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe wàhálà fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó rí ohun tí ó wà nínú koríko náà. Láti ara rẹ̀ ni warfarin ti jáde. Oògùn eku ni wọ́n kọ́kọ́ fi tà, ní ọdún 1948. Ní 1954 ni wọ́n gbà á wọlé fún ènìyàn, nígbà tí ó sì di 1955, Ààrẹ Eisenhower ti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí ó lò ó lẹ́yìn tí àrùn ọkàn kọ lù ú.

Ẹ kò rí i? Ohun tí ń pa màlúù àti eku ni ó ń gba ẹ̀mí ènìyàn là, nítorí pé a wọ̀n ọ́n. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀jẹ̀ yóò dì. Bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wọn ti warfarin ni INR. Ẹni tí kò lo oògùn, tirẹ̀ a máa sún mọ́ 1. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lẹ́sẹ̀, àárín 2 sí 3 ni wọ́n máa ń fẹ́ kí tirẹ̀ wà. Bí ẹ bá ti dé láti òkè òkun, ẹ má ṣe dúró kí oògùn tán kí ẹ tó wá dọ́kítà. Ẹ lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn olùkọ́ni tí ó wà ní Ṣàgámù, tàbí ní UCH Ìbàdàn, tàbí ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, ẹ sì mú gbogbo ìwé tí wọ́n fún yín níbẹ̀ dání.

Àwọn oògùn tuntun bíi rivaroxaban àti apixaban kò nílò àyẹ̀wò INR, ṣùgbọ́n owó wọn wọ́n ju ti warfarin lọ, agbára wọn sì tètè ń kúrò lára. Ẹni tí ó bá fò wọ́n fún ọjọ́ kan tàbí méjì ti wà láìsí ẹ̀ṣọ́.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢỌ́RA FÚN NÍ ILÉ WA

1. Ààwẹ̀. A kò ní kí ẹ má gba ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dọ́kítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Rivaroxaban onímílígíráàmù 15 àti 20 kì í ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ikùn òfìfo. Pẹ̀lú oúnjẹ ni a ń lò ó. Ẹni tí ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lè bi dọ́kítà bóyá òun lè máa fi oúnjẹ ìṣínu ìrọ̀lẹ́ lò ó. Apixaban, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni, kò sì sí ààwẹ̀ tí ó ní kí a fo ti àárọ̀. Ní ti warfarin, bí ènìyàn kò bá jẹun dáadáa fún ọjọ́ púpọ̀, agbára rẹ̀ lè pọ̀ jù lára. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ààwẹ̀ lè fi nǹkan mìíràn du ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

2. Oògùn ara ríro. Alabukun tí olóògbé Jacob Odulate bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò ṣàjèjì sí ilé kankan. Ṣùgbọ́n aspirin wà nínú rẹ̀. Aspirin, ibuprofen, diclofenac àti Feldene, bí wọ́n bá pàdé oògùn yìí nínú ara, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà nínú ikùn láìjẹ́ pé ènìyàn mọ̀. Dọ́kítà lè fi aspirin díẹ̀ kún oògùn ẹlòmíràn nítorí sitẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ìdí. Bí orí bá ń fọ́ yín, paracetamol ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ má sì lò ó ju ìwọ̀n lọ.

3. Flagyl àti Septrin. Inú rírun díẹ̀, a ti ra Flagyl lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ẹni tí ń lo warfarin kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn méjèèjì yìí máa ń sọ agbára warfarin di púpọ̀.

4. Àgbo. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún yín ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìgò àgbo kan, kò sì bá ti ìgò kejì dọ́gba. Oògùn tí a ń fi ìwọ̀n lò kò lè bá ohun tí kò ní ìwọ̀n gbé pọ̀.

5. Ẹ̀fọ́. Àwọn kan ti lé ẹ̀fọ́ kúrò nínú ìkòkò wọn nítorí warfarin. Kò pọn dandan. Lóòótọ́ ni fítámì K wà nínú ugu, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú, tí ó sì ń bá warfarin jà. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ó máa rí bákan náà. Bí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi oṣù kan jẹ ìkọ́kọrẹ́ láìsí ẹ̀fọ́, kí ẹ sì wá fi ọ̀sẹ̀ kan jẹ ẹ̀fọ́ rírò ní àárọ̀ àti alẹ́.

6. Àwọ̀ oògùn. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí èkejì sì wà ní Amẹ́ríkà, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Warfarin aláwọ̀ píǹkì ti Bìrìtìkó, mílígíráàmù 5 ni. Aláwọ̀ píǹkì ti Amẹ́ríkà, mílígíráàmù 1 ni. Ẹni tí ó bá fi àwọ̀ mọ oògùn lè lo ìlọ́po márùn-ún láìmọ̀. Ohun tí a kọ sára páálí ni kí ẹ kà. Ẹni tí kò mọ̀wé, kí ọmọ ilé ìwé tí ó wà nínú ilé bá a kà á sókè.

7. Oyún. Warfarin lè ba ọmọ inú jẹ́, pàápàá nínú oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn oògùn tuntun náà kò sì yẹ fún aboyún. Abẹ́rẹ́ heparin ni wọ́n máa ń fi rọ́pò wọn. Obìnrin tí ń retí ọmọ gbọ́dọ̀ sọ fún dọ́kítà kí oyún tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá hàn. Kí ó má sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, nítorí oyún pẹ̀lú ń mú kí ẹ̀jẹ̀ yá sí dídì.

8. Owó. A mọ̀ pé èyí ni ó wúwo jù. Dípò kí ẹ máa lo ọ̀kan lónìí kí ẹ fo ti ọ̀la kí ó lè pẹ́, ẹ sọ fún dọ́kítà pé agbára yín kò ká a, kí ó lè yí i sí èyí tí ó rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ wà lókè òkun, owó oògùn ìyá yín fún oṣù kan ṣáájú aṣọ ẹgbẹ́jọdá Ojúde Ọba.

Bí ẹ bá gbàgbé ti ọjọ́ kan, ẹ má ṣe dá méjì lò pọ̀ láìbéèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ eyín yín tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ kọ́kọ́ sọ pé ẹ ń lo oògùn yìí, kí àwọn dọ́kítà jọ pinnu ọjọ́ tí ẹ ó dáwọ́ dúró àti ọjọ́ tí ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀.

NÍ TI ÌGBÀGBỌ́ WA

Àwọn kan yóò bi wá pé, "Ṣé ẹni tí ó ti gba ìwòsàn tún ń lo oògùn ni?" Ìbéèrè yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà ń pa ènìyàn káàkiri ayé, nínú ìjọ St. Saviour ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni Joseph Sadare, Sophia Odunlami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti kóra jọ láti gbàdúrà, tí wọ́n sì fi oògùn sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ìjọ tí a mọ̀ lónìí ní ìtàn tí ó kan ilé àdúrà náà. A bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní 1918, kò sí oògùn kan ní gbogbo ayé tí ó lè wo àrùn náà. Ti ẹ̀jẹ̀ dídì kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ẹ wo ọba Hesekáyà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 20. Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ó ti fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Síbẹ̀, wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá lẹ̀ mọ́ oówo náà. Ìlérí kò lé ìtọ́jú lọ. Ẹni tí ó bá gbà pé Ọlọ́run ti wo òun sàn, kí ó lọ ṣe àyẹ̀wò, kí dọ́kítà sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ìwòsàn tòótọ́ kì í sá fún àyẹ̀wò.

ÀMÌ TÍ KÒ GBA ÌDÚRÓ

Serena Williams, ọ̀gá nínú eré tẹníìsì, ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró ní ọdún 2011. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ abẹ bí ọmọbìnrin rẹ̀ ní oṣù September 2017, wọ́n dá oògùn rẹ̀ dúró díẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ náà. Ní ọjọ́ kejì, mímí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòro fún un. Kò dákẹ́. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì irú àyẹ̀wò tí òun fẹ́ àti irú oògùn tí òun nílò. Nọ́ọ̀sì rò pé oògùn ìrora ni ó ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n ó tẹnu mọ́ ọn, wọ́n sì bá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ìmọ̀ tí ó ní nípa ara rẹ̀ ni ó gbà á là.

Ẹ̀yin náà, ẹ mọ àwọn àmì yìí. Ti dídì: kí ẹsẹ̀ tún wú tàbí kí ó tún máa dunni, kí mímí ṣòro lójijì, kí àyà máa dunni bí ẹ bá mí, kí ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde. Ti dídà: kí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, kí ìtọ̀ pupa, kí imú tàbí èrìgì máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdá, kí nǹkan oṣù pọ̀ ju ti ìgbàkúùgbà lọ, kí orí máa fọ́ni gidigidi lẹ́yìn ìṣubú. Ọ̀kankan nínú wọn, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru. Kí àwọn ará ilé gbé aláìsàn lọ ná. A lè máa gbàdúrà nínú ọkọ̀.

Níkẹyìn, ẹ kọ orúkọ oògùn yín, ìwọ̀n rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi sitẹ́ǹtì sí i àti ẹsẹ̀ tí ó wà sínú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi í sínú àpò tí ẹ ń gbé jáde. Kí ẹnìkan nínú ilé mọ ibi tí ó wà. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ má sì jókòó sójú kan pẹ́, yálà nínú ọkọ̀ tàbí ní ìṣọ́ òru. Ẹ máa dìde, kí ẹ na ẹsẹ̀.

Kí Olúwa fi ìlera jíǹkí gbogbo ilé wa. A ó tún pàdé ní oṣù tí ń bọ̀, bí Ó bá fẹ́.